Láti Ìkàrẹ́ dé Chicago: Ọ̀nà Tí Etí Wa Lè Gbà Mọ Orin Swing

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé saxophone kọ́rùn wá. Ẹ má tíì lọ o, ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ níwájú tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n wá sọ bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa jáàsì àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní swing, ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ kó sì gbádùn rẹ̀. Wọ́n tún là á yé mi pé èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn ń wí: orin hótẹ́ẹ̀lì, orin ilé fàájì, tí ènìyàn lè máa jẹun sí, kó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kó sì dìde jó nígbà tó bá wù ú. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Frank Sinatra, Nat King Cole àti Duke Ellington ni wọ́n máa kà fún yín. Wọn kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó kò tíì nílò àtirìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Roy Chicago ni kó kọ́kọ́ wá.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ará Amẹ́ríkà ni. Ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. John Akíntọ́lá Adémúwàgún ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, saxophone tenor sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó gba inú ẹgbẹ́ Bobby Benson, olórin Èkó kan, kọjá kó tó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, Abalabi Rhythm Dandies, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó kú ní 1989. Mo máa ń bi àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Àkúrẹ́ bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n mọ Sinatra ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, Sinatra tí kò jẹ iyán Àkókó rí.

Ìdí tí mo fi fi í ṣíwájú kì í ṣe nítorí pé ọmọ tiwa ni nìkan. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọ àárín àwọn fèrè hailáìfù. Ṣáájú ìgbà yẹn, kóńgà, bóńgò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bíi ti àwọn ará Cuba àti ìlù òyìnbó ni ẹ óò bá nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú gángan wá, ó fi í sí ibi tí trumpet àti saxophone wà, ó ní kí wọ́n jọ máa fèsì fún ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí dáadáa, tó wá lọ gbọ́ ẹgbẹ́ Duke Ellington, kò ní bá àlejò pàdé níbẹ̀. N óò padà sórí èyí.

Orúkọ tó mú yẹn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún wú mi lórí. Ìlú Chicago ni Louis Armstrong kó lọ láti New Orleans ní 1922, nígbà tí King Oliver ránṣẹ́ pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Benny Goodman sí ní 1909, ẹni tí àwọn òyìnbó wá fi joyè ọba swing. Nat King Cole, tí wọ́n bí ní Alabama ní 1919, kékeré ló wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí Chicago, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ìyá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ìkàrẹ́ tó wá fi ìlú yẹn ṣe orúkọ ara rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ni swing gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ dá a mọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí orí tó mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orin ìwọ́de àwọn ṣọ́jà máa ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbẹ́sẹ̀ yẹn sí méjì ọgbọọgba. Swing kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pín ìgbẹ́sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Kí ẹ lu ti àkọ́kọ́, kí ẹ fo ti àárín, kí ẹ lu ti ìkẹta. Ohun tó máa ń jáde ni ìró gígùn kan tí ìró kúkúrú kan tẹ̀ lé, gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú. Ohun tí onílù ń fi igi gbá lórí páànù bàbà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin.

Ẹni tó bá ti gbọ́ agogo tí àwọn onílù ń pè ní kónkóló ti ń gbọ́ ìpín mẹ́ta-mẹ́ta yìí láti inú ikùn ìyá rẹ̀. Ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìlá. Orí méjìlá yìí ni agogo ń rìn, tí ìyáàlù ń ṣeré lé. Mo ti rí àwọn olùkọ́ orin tó ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣàlàyé swing fún àwọn òyìnbó tó mọ ìwé orin kà dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn kò gbà á. Ọmọ Yorùbá tó ti jó bàtá rí kò nílò ju kí ẹ ní kó fi bàtá ọ̀hún sọ́kàn, kó wá dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Agogo tiwa máa ń dúró lójú kan, òun ni gbogbo ìlù yòókù ń bi léèrè. Nínú swing, báàsì ló ń di ilé mú, kò sì dúró: ó ń rìn, ìró kan sí ìgbẹ́sẹ̀ kan, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ibi tí orin tún fẹ́ yà sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ óò máa gbọ́ nínú orin yìí, ẹ má kọ́kọ́ tẹ̀ lé olórin. Ẹ tẹ̀ lé báàsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ o. Ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú fóònù kò lè gbé ohùn báàsì jáde, nítorí náà ìdajì orin ti bọ́ sílẹ̀ kó tó dé etí yín. Ẹ so ó mọ́ sípíkà tó ní ikùn, tàbí kí ẹ fi èyí tó ń wọnú etí gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jáàsì kò dùn, fóònù ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Báwo ni orin yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ogun Àgbáyé Kejì àti ọkọ̀ òkun ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Ní Accra, nígbà ogun, sájẹ́ǹtì òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jack Leopard dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó pè é ní Black and White Spots, ó sì gba ọmọ Ga kan tó ń jẹ́ E. T. Mensah sínú rẹ̀ láti fọn saxophone. Iṣẹ́ apòògùn ni Mensah kọ́. Lọ́dọ̀ Leopard ló ti rí bí òyìnbó ṣe ń fi ohùn saxophone ṣe swing. Lẹ́yìn ogun, òun ló di aṣíwájú ẹgbẹ́ Tempos, tó gbé ọgbọ́n yẹn wọnú hailáìfù.

Ní Èkó, Bobby Benson ni. Bernard Olábínjọ́ Benson, tí wọ́n bí ní Ìkòròdú ní 1922, kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ja ẹ̀ṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ òkun gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ogun sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sílé ní 1947 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Cassandra. Wọ́n dá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀: ijó, àwàdà, orin, lórí pèpéle kan náà. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Jam Session Orchestra ti yọ jáde, ohun tí wọ́n sì ń lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni swing, jive, samba àti calypso. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi jìtá oníná han àwọn ará Èkó. Nígbà tí Tempos wá láti Accra ní 1950, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ wò wọ́n nítorí hailáìfù, Benson rí i pé ọjà ti yí. Kò bá ọjà jà. Ó gba hailáìfù, àmọ́ kò kó swing dànù. Bí ẹ bá gbọ́ ìtò àwọn fèrè nínú orin «Taxi Driver» rẹ̀, ẹ óò gbọ́ ilé tó ti kọ́ ọ.

Tèmi ni pé a kò tíì fún Bobby Benson ní ohun tó tọ́ sí i. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń yára kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ Fẹlá Kútì. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ Benson jẹ́. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ láìmọ ìwé orin kà á mọ̀ ọ́n kó tó jáde. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá mọ́ kò ní gun pèpéle. Victor Ọláìyá gba ibẹ̀ kọjá. Roy Chicago gba ibẹ̀ kọjá.

Ọláìyá náà, ọmọ tiwa ni ní ìgbà kan. Calabar ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ tó parí ọdún 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì ni ilé bàbá rẹ̀, Èkìtì sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 títí wọ́n fi yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ní 1954 ló dá Cool Cats sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pè láti lu orin níbi àsè ìjọba nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, òun náà ni wọ́n tún pè fún ti òmìnira ní 1960. Trumpet rẹ̀ kì í kánjú. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń dá ohùn dúró, kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, kó tó wọlé. Oṣù Kejì ọdún 2020 ló papòdà, lẹ́yìn tí òun àti akọrin 2Face ti jọ tún ọ̀kan nínú orin àtijọ́ rẹ̀ ṣe ní 2013, tí àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò tíì láyé nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde ń jó o níbi ìgbéyàwó.

Ibi tí wọ́n ti ń lu orin wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lónìí. Caban Bamboo tí Benson fúnra rẹ̀ ni lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kakadu ní Yábàá. Empire Hotel ní Ìdí-Orò. Paradise ní Ìbàdàn, níbi tí Eddy Okonta ti ń fọn trumpet. Àwọn akọ̀wé, tíṣà, lọ́yà, nọ́ọ̀sì ló ń lọ síbẹ̀, tọkọtaya. Èkejì ọkùnrin ló ń bá a jó, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú. Hótẹ́ẹ̀lì ló ń san owó oṣù fún olórin, nítorí náà olórin kò nílò kó ki ẹnikẹ́ni ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kó tó jẹun. Ìyẹn ló jẹ́ kí orin náà balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ń wá owó lójú rẹ̀.

Àwọn kan ti wà nínú orin yìí kí Benson tó dé Èkó pàápàá. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, ọmọ àlùfáà, tó kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ti Èkó lọ́dọ̀ Ẹkúndayọ̀ Phillips, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, ó sì ń ti ilé ìjọsìn bọ́ sí ilé ijó alẹ́. Ní 1939, òun ló tẹ dùùrù fún Adelaide Hall nínú àwọn àwo orin tí wọ́n jọ ṣe fún Decca. Ta ni Adelaide Hall? Òun ni obìnrin tó fi ohùn rẹ̀ ṣe fèrè nínú «Creole Love Call» pẹ̀lú Duke Ellington ní 1927. Ọmọ Yorùbá kan wà tí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo wà láàárín òun àti Ellington, ẹni yẹn kan náà ló sì wá kọ orin ńlá fún àwọn olórin BBC. Àwọn alátakò jáàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí hailáìfù hótẹ́ẹ̀lì ṣe lọ sílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Rògbòdìyàn 1966 dé, ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e láti 1967 sí 1970. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọn fèrè ní Èkó àti Ìbàdàn, ará Ìlà-Oòrùn ni wọ́n, wọ́n sá padà sílé. Roy Chicago pàdánù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò ogun, ẹgbẹ́ náà kò sì padà bọ̀ sípò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi lé ogun lórí. Ẹgbẹ́ olórin mẹ́wàá tàbí méjìlá tó ní fèrè olówó iyebíye wọ́n ju ẹgbẹ́ jùjú lọ, òde àríyá sì ti kúrò nínú hótẹ́ẹ̀lì, ó ti bọ́ sí ojú títì lábẹ́ tàpólìn, níbi tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Orin tí kò ki ènìyàn kò lè yè níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn sí nìyí fún ẹ̀yin ọmọ Oǹdó àti ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́. Sunday Adéníyì Adégẹyè, King Sunny Adé, Oǹdó ni ìdílé bàbá rẹ̀, ìdílé Adésídà ní Àkúrẹ́ ni ti ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Oǹdó, tó ní òun ń lọ sí yunifásítì ní Èkó, ẹgbẹ́ olórin ló wọ̀, ẹgbẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ti jùjú. Federal Rhythm Dandies ti Moses Ọláìyá ni, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa mọ̀ sí aláwàdà, tó jẹ́ pé hailáìfù ló ń lù nígbà yẹn. Ní 1967 ni Sunny Adé tó dá Green Spots sílẹ̀. Ẹ fetí sí àwọn orin rẹ̀ tí kò yára, bí àwọn jìtá ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn láìpariwo, bí àwọn elégbè ṣe ń kó ohùn wọn jọ bí ohùn ìwé orin ìsìn. Nínú gbogbo orin Yorùbá tó wà láyé lónìí, kò sí èyí tó sún mọ́ orin hótẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó ìwọ̀nyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ Túndé Nightingale, àgbà olórin jùjú, ló ti kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ Nightingale lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti la kó tó débẹ̀.

Ó wá kù kí a sọdá. Bí ẹ bá ti fi Roy Chicago, Benson àti Ọláìyá la etí, Count Basie ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Basie kì í tẹ dùùrù púpọ̀. Ìró méjì, mẹ́ta, á dákẹ́. Ẹ wá «Li'l Darlin'», tí Neal Hefti kọ, tí wọ́n gbà sínú àwo ní 1957. Ìtàn tí àwọn olórin máa ń sọ ni pé Hefti kọ ọ́ láti yára, Basie ló ní kí wọ́n fà á wálẹ̀. Ó fà á wálẹ̀ débi tí ẹ óò fi rò pé ó máa dúró. Ẹ gbọ́ ọkùnrin tó mú jìtá, Freddie Green. Kò lo iná, kò dá nìkan ta rárá, ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló kàn ń gún, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Láti 1937 ló ti wà nípò yẹn, títí tó fi kú ní 1987, Basie fúnra rẹ̀ ti lọ ní 1984. Ẹ̀yin tó ń ta jìtá elégbè nínú ẹgbẹ́ jùjú, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ yín níbi àríyá, ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn. Fèrè á rọra wọlé lẹ́yìn ìgbẹ́sẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣe yín bí ohunkóhun, ẹ tún gbọ́ ọ, kí ẹ sì tẹ̀ lé báàsì bí mo ṣe wí.

Lẹ́yìn Basie ni Ellington. Mo ṣèlérí pé n óò padà sórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ellington wọ Cotton Club ní New York ní oṣù Kejìlá 1927, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣeré ṣùgbọ́n tí wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó wòran, ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Bubber Miley, tó ń fọn trumpet, òmíràn wà tó ń jẹ́ Tricky Sam Nanton, tó ń fọn trombone. Wọ́n mú rọ́bà tí àwọn púlọ́ńbà fi ń ti ihò omi tó dí, wọ́n yọ igi ìdí rẹ̀, wọ́n fi ń bo ẹnu fèrè, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ó ń kùn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bú ènìyàn. Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ á ní ohùn ẹranko igbó ni, wọ́n tilẹ̀ fi ìyẹn pe orin náà. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ mọ ohun tó ń sọ. Ọwọ́ tó ń fún ọsán gángan kó lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde, àti ọwọ́ tó ń fi rọ́bà bo fèrè, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gángan ń sọ èdè tí a gbọ́, ti Miley kò sì ní èdè mọ́, ìmọ̀lára rẹ̀ nìkan ló kù. Mo máa ń rò pé ìdí nìyẹn tó fi ń dunni tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń fẹnu kọrin, n kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí àwọn ló rọrùn jù láti rí. Nat King Cole ni kí ẹ mú ṣíwájú, àwo «After Midnight» ti 1957, níbi tó ti tún jókòó sídìí dùùrù gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ ní 1937, dùùrù, jìtá, báàsì, láìsí onílù kankan. Kò sí ìlù nínú ti àwọn mẹ́ta yẹn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ yín á máa mì bí ẹ bá gbọ́ wọn. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ella Fitzgerald àti Louis Armstrong, «Ella and Louis», 1956. Sinatra wá lè tẹ̀ lé wọn, «Songs for Swingin' Lovers!», 1956 náà ni. Mo gbà pé ó mọṣẹ́. Ó ní ẹ̀yìn trombone Tommy Dorsey ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ẹ óò sì gbọ́ ọ. Àmọ́ Cole ni kì í jẹ́ kí ẹ rí òógùn ojú òun.

Orin yìí kò sì rìn lọ sí apá kan ṣoṣo. Armstrong wá sí Accra ní 1956, ó wá sí Nàìjíríà ní 1960. Ní oṣù Kejìlá 1961, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kó ara wọn wá sí Èkó fún ayẹyẹ orin àti àṣà. Lionel Hampton wà níbẹ̀, Nina Simone wà níbẹ̀, Randy Weston tó ń tẹ dùùrù náà bá wọn wá. Weston kò gbàgbé ohun tó gbọ́. Ní 1963 ó gbé àwo kan jáde tó pè ní «Highlife», ọ̀kan nínú àwọn orin tó wà nínú rẹ̀ sì ni «Niger Mambo», tí Bobby Benson kọ. Ẹ wo ọ̀nà tó rìn ná: swing ti Amẹ́ríkà dé ọwọ́ télọ̀ ará Ìkòròdú nínú ọkọ̀ òkun, ó fi hailáìfù pò ó, onídùùrù ọmọ Brooklyn wá gbé e padà lọ sí New York. Níbẹ̀ náà ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò ní Badagry, dá ilé àṣà sílẹ̀ sí ní Harlem, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gba orin John Coltrane sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta péré kó tó kú. Coltrane ti kọjá orin ilé fàájì ní tirẹ̀. Ẹ má fi í jẹun o.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé saxophone wá. Mo ń rí yín níbi ìgbéyàwó káàkiri Àkúrẹ́ báyìí. Ìyàwó á máa wọlé, ẹ óò máa fọn orin ìyìn fún un, ó máa ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń bá yín ṣeré. Ẹ̀rọ kì í dúró de ènìyàn, kì í sì í gbọ́ ohun tí ẹ sọ kó tó fèsì, nítorí náà ẹ ti kọ́ láti máa dá nìkan sọ̀rọ̀. Ohun tí gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lónìí ní, tí ẹ̀yin kò tíì ní, ni ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Ẹ wá onígángan kan. Ẹ wá ẹni tó lè ta báàsì. Ẹ jẹ́ mẹ́ta, ẹ má tíì wá ìkẹrin. Ẹ mú orin kan tí ìyá yín mọ̀, kí ẹ máa lù ú jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn hótẹ́ẹ̀lì wa wọ̀nyí, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sí àwọn tó ń jẹun. Ẹni tó ni hótẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ní òun kò lówó. Ẹ lù ú fún un.

Ní ti ibi tí ẹ óò ti rí àwọn orin náà, íntánẹ́ẹ̀tì ti kó púpọ̀ nínú wọn jọ. Ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Honest Jon's, ti tún ti Ambrose Campbell àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń lù ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun gbé jáde. Soundway náà ṣe àkójọ hailáìfù Nàìjíríà àti Ghana láti 1954 sí 1966. Ó ń ta mí létí pé òyìnbó ló ń bá wa tọ́jú wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ ní àpótí àwo bàbá àgbà tí èèrà ń jẹ lábẹ́ ibùsùn. Àwọn àwo dúdú wíwúwo tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan máa ń fọ́ bí àwo tánganran, torí náà ẹ má fi wọ́n sùn pẹlẹbẹ lé orí ara wọn. Ẹ gbé wọn dúró, kí ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ ẹni tó lè gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kó tó pẹ́ jù.

Wọ́n ní àkókò mi ti tán, wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì. «Ìyàwó Páńkéèkì» ti Roy Chicago la máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà «Li'l Darlin'». Ẹ ti àwọn àga ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn tó bá fẹ́ jó, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sì bá wa gbé báàsì rẹ̀ sókè díẹ̀.